Bí Mo Ṣe Dìbò Yan Olórí Ẹgbẹ́ Wa Lẹ́yìn Tí A Fìdí Rẹmi

Lóṣù Kẹfà ọdún 2024, mo wà lára àwọn tó ń kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé fún ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ìyá kan ṣílẹ̀kùn, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìlérí yín ti pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ìjókòó 365 tí a ní nílé aṣòfin lọ́dún 2019 di 121. Liz Truss tó ti ṣe olórí ìjọba rí pàdánù ìjókòó tirẹ̀. Rishi Sunak, tó ń ṣe olórí ìjọba títí di ìgbà náà, ní òun máa gbé ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Mo máa ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, nítorí náà mo ní ìbò kan. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ wa ló ń kọ́kọ́ dìbò, tí wọ́n á máa yọ olùdíje lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa ku méjì fún àwa ọmọ ẹgbẹ́ tó kù. Àwọn mẹ́fà ló jáde láti díje. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn: kí ni ẹni yìí sọ pé ó fà á táwọn èèyàn fi kọ̀ wá? Priti Patel já lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, Mel Stride tẹ̀lé e.

James Cleverly ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Níbi àpérò ẹgbẹ́ ní Birmingham, ó tọrọ àforíjì, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ó ní ìbò 39, ó ṣíwájú gbogbo wọn, Tom Tugendhat já. Mo ti ń múra láti dìbò fún un. Ọjọ́ kejì, Kemi Badenoch ní 42, Robert Jenrick 41, Cleverly 37. Ó parí. Mo jókòó sílé ìdáná, mi ò lè sọ̀rọ̀. Títí di òní mi ò gbà pé ó dáa kí 120 aṣòfin yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò kí àwa tó lé ní 130,000 tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Nàìjíríà. "Ọmọ Adégòkè ni Kemi, ọmọ wa ni! Kí lo tún ń rò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa."

Inú èmi náà ń dùn, mi ò ní parọ́. Ẹni tó dàgbà ní Èkó, tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́mọ ọdún 16, ló ń du àga yìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìyẹn nìkan ni màá fi dìbò. Jenrick ní ká jáde kúrò nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, ó sọ ọ́ láìfepobọyọ̀. Badenoch ní ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a gbàgbọ́, ètò á tẹ̀lé e. Àwọn kan ní kò dáhùn ìbéèrè. Ní tèmi, mo rántí ìyá ẹnu ọ̀nà yẹn, mo sì rí i pé ẹni tí kì í yára ṣèlérí ni mò ń wá.

Ìdìbò parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Mo ti dìbò tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú: mo tẹ nọ́ńbà àṣírí tó wà nínú ìwé ìdìbò, mo yan Badenoch, mo tún orúkọ náà kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kọkànlá wọ́n kéde èsì: 53,806 fún Badenoch, 41,388 fún Jenrick. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin lórí fóònù. Inú mi dùn, àmọ́ ó dùn mí pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wa tí kò dìbò rárá.

Lọ́sẹ̀ kejì mo padà lọ kanlẹ̀kùn ìyá yẹn. Ó rántí mi. Ó bi mí pé ta la yàn, mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa, mò ń wò yín," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.