Bí mo ṣe gbé Hilux mi sókè láì ra kíìtì

Iye tí wọ́n ń pe kíìtì ìgbésókè, ìyẹn àkópọ̀ irin tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò ga, ní Àbújá ń múni wo ojú ẹni tó ń tà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò sì wá gíga tó pọ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ni. Gwagwalada ni mò ń gbé, oko mi wà lọ́nà ìgbèríko kan tó yà lẹ́yìn Kwali, katakata sì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn di ipa méjì jíjìn tí òkìtì wà láàárín wọn. Irin tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ha òkìtì náà. Tí mo bá sì kó iṣu, ẹ̀yìn á jókòó, bọ́ńpà á máa gbẹ́lẹ̀ níbi tí mo bá ti ń jáde nínú kòtò.

Ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Hilux àtijọ́ ni tèmi, torsion bar ló wà níwájú rẹ̀: ọ̀pá irin gígùn kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó ń lọ́ bí táyà bá ṣe ń lọ sókè-sódò. Lílọ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì. Àwọn Hilux mìíràn wà láyé ìgbà kan náà tó jẹ́ pé sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ ló wà níwájú tiwọn, ohun tí mo ṣe ò sì bá wọn mu. 4Runner ti ọdún 1996 wá sókè náà ò ní ọ̀pá yìí. Irin róbótó tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú ni wọ́n máa ń lò fún un. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é rántí pé èyí tó nípọn tó ínǹṣì kan lè gbé mọ́tò tó bí ínǹṣì méjì, torí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ apá irin ò dé ọ̀dọ̀ táyà.

Iwájú ò ná mi ju owó iṣẹ́ lọ. Ìpẹ̀kun ọ̀pá náà lẹ́yìn ni bóòtù tó ń tì í wà, bí a bá ṣe ń yí i ni iwájú ń ga. A fi jáàkì gbé mọ́tò títí táyà fi kúrò nílẹ̀, torí bóòtù yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yí nígbà tí ẹrù ọkọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti dípẹtà. A da epo sí i, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, a sì fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Iye tí a yí ọ̀tún náà la yí òsì. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, mo wà á síwájú-sẹ́yìn díẹ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n, torí mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí jáàkì bọ́ sílẹ̀ kì í tètè jókòó, ìwọ̀n tí ẹ bá gbà nígbà yẹn, irọ́ ni. Láti àárín wíìlì sí etí fẹ́ńdà ni mo sì ń wọ̀n, kí afẹ́fẹ́ táyà má baà dà mí láàmú.

Mẹkáníìkì fẹ́ yí i sí i. Mo ní ó tó. Bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí táyà ní láti bọ́ sísàlẹ̀ ń dín kù, ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú á tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, rọ́bà tó bo gíríìsì rẹ̀ á sì ya.

Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ni sípíríǹgì ibẹ̀. Wẹ́dà kan ní òun á gé irin sáàárín sípíríǹgì àti ásùlù, irin gígùn tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Òun ló rọ̀ lówó jù, àwọn èèyàn sì ń ṣe é, ẹ̀yìn nìkan ṣá o, kò gbọdọ̀ dé iwájú. Ṣùgbọ́n bí irin yẹn bá ṣe ga tó ni ásùlù á ṣe máa lọ́ sípíríǹgì nígbà tí mo bá tẹná nínú ẹrẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n fi ṣákù gígùn sí i, ìyẹn irin kékeré tó so ìpẹ̀kun sípíríǹgì mọ́ ara ọkọ̀. Ṣákù tó fi ínǹṣì méjì gùn ju ti tẹ́lẹ̀, bí ínǹṣì kan ló ń rí gbé sókè, n ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ tó ru iṣu máa jù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo gba Zuba lọ. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta sípíríǹgì tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ní o fẹ́ gbé e sókè. Ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni kò sí mọ́. Sípíríǹgì rẹ ti sùn.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, bàbá. Kí la wá máa ṣe?”

“Irin kan la máa fi kún un. Tẹ́nikẹ́ni bá ní òun á fi iná gáàsì tẹ èyí tó wà níbẹ̀, máa lọ sílé ẹ. Irin tíná bá ti jó báyẹn, ó ti di ṣíbí.”

Irin tó yàn fún mi gùn ju irin ìkẹta lọ, ó kúrú ju ìkejì lọ, àárín wọn ló sì fi sí. Ó kọ́kọ́ fi kíláàmpù méjì dì wọ́n pọ̀ kó tó tú bóòtù àárín, torí irin wọ̀nyẹn lè fò. Yúbóòtù tuntun ni mo rà, bóòtù tó tẹ̀ bíi U tó ń di sípíríǹgì mọ́ ásùlù. Ti àtijọ́ ti nà, kì í sì í dì dáadáa mọ́. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ló gba owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í yà sí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ásùlù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù bíréèkì. Òun ló ń sọ fún bíréèkì bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Tí ẹ̀yìn bá ti ga, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, kódà bí iṣu bá kún inú ẹ̀. A gbé ibi tí ọ̀pá náà so mọ́ sókè bákan náà. A tún wo rọ́bà bíréèkì bóyá ó ń fà le nígbà tí ásùlù bá rọ̀ dòdò.

Aláíìmẹ́ǹtì ọjọ́ kan náà ni mo ṣe, mo sì rẹ iná iwájú sílẹ̀, kó má baà máa ta sójú àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja. Lẹ́yìn tí mo ti kó ẹrù díẹ̀, mo padà lọ fún yúbóòtù, ó sì gba spánà díẹ̀ sí i.

Irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì ò ha òkìtì mọ́, bọ́ńpà náà ń jáde nínú kòtò. Dífù ẹ̀yìn, ìyẹn ilé jíà tó wà láàárín táyà méjèèjì, ò sún kúrò níbi tó wà, torí ara ásùlù ló wà, táyà tó ga nìkan ló lè gbé e: èyí tó bá fi ínǹṣì méjì ga ju ti tẹ́lẹ̀, ínǹṣì kan ló máa gbé e. Táyà mi ṣì ní ojú, n ò ní pààrọ̀ wọn títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé.