A dìbò, òfin HOA wa ò yí padà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa onílé ní Houston

Ìlú Houston ò ní òfin tó ya ilẹ̀ ilé gbígbé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ìṣòwò bí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà ṣe ní. Ìwé HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní àdúgbò wa, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti yí gbólóhùn kan padà nínú rẹ̀. Díẹ̀ lára ohun tí àwọn ènìyàn wa ń bi mí nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ilé 200 ló wà ní àdúgbò wa. Ènìyàn 58 ló wá sípàdé, 52 sì nawọ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká máa gbin ẹ̀fọ́ síwájú ilé. Lọ́yà ní òfin ò tíì yí. Kí ló fà á?

Lọ́yà yín sọ òótọ́. Ohun tí Property Code Texas (òfin ilé àti ilẹ̀), orí 209, ń béèrè láti yí Declaration, ìyẹn olórí ìwé òfin àdúgbò, padà ni ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tó wà ní àdúgbò. Kò ka iye ẹni tó wá sípàdé sí. Nínú ilé 200, ìbò 134 lẹ gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó jókòó sílé tí kò dìbò, rárá ló sọ yẹn. Bí Declaration yín fúnra rẹ̀ bá dárúkọ iye tó kéré sí 67, èyí tó kéré yẹn lẹ máa tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n kọ Amendment (àtúnṣe) sí. Apá ìparí ìwé ló sábà máa ń wà.

Ìpàdé alẹ́ kan ò lè kó ìbò 134 jọ. Òfin gba proxy, ìyẹn kí èèyàn yan ẹlòmíì láti bá a dìbò, ó gba ìwé ìbò tí èèyàn fi ránṣẹ́ láti ilé, ó sì gba ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ dìbò láìṣe ìpàdé, ìwé ìfitónilétí gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ onílé ó kéré tán ọjọ́ 20 kí ìbò tó parí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wíwá onílé rí. Ayálégbé ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn. Á gba lẹ́tà yín, á jù ú sórí tábìlì, onílé tó wà ní Dallas tàbí Lagos ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá wà ní Harris County, ẹ wá orúkọ onílé àti àdírẹ́sì tó fi ń gba lẹ́tà lórí ìkànnì HCAD, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé fún owó orí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú òpópónà kan, kó máa kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́.

Ẹ má sì di àtúnṣe márùn-ún pọ̀ sínú ìbò kan. Ẹni tó kórìíra ọ̀kan á fi í pa mẹ́rin yòókù. Ẹ kọ gbólóhùn àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báyìí:

*Ti tẹ́lẹ̀: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin ohun jíjẹ síwájú ilé.*
*Tuntun: Onílé lè gbin ohun jíjẹ síwájú ilé, bí kò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tí kò sì bo ojú ọ̀nà.*

Ẹni tó bá rí èyí kò ní bi yín pé kí lẹ ń fi pamọ́.

Bùrọ̀dá, eléyìí ti pọ̀ jù. Ṣé ìgbìmọ̀ ò lè kàn kọ ọ́ sínú rules?

Wọn ò lè ṣe é, àǹtí. Declaration ló wà lókè, bylaws (òfin bí ẹgbẹ́ ṣe ń darí ara rẹ̀) tẹ̀ lé e, rules (òfin kéékèèké tí ìgbìmọ̀ ń ṣe) ló kéré jù. Rules ò lè gba ohun tí Declaration ti fún onílé. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas dájọ́ lórí irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ àwọn onílé àti ẹgbẹ́ Wilcrest Walk Townhomes níbí ní Houston. Ẹgbẹ́ náà fi rules dènà kí àwọn onílé máa fi ilé háyà fún ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ Declaration wọn ti gbà wọ́n láàyè. Àwọn onílé ló jàre.

Máníjà ní ẹni tó bá jẹ owó HOA ò lè dìbò.

Irọ́ ni. Kódà bí ìwé yín bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òfin Texas ti sọ gbólóhùn náà di òfo. Ẹ lọ gba ìbò wọn.

Nínú ìwé àdúgbò wa àtijọ́, mo rí i pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ṣé a ní láti wá ìdá 67 kí a tó lè yọ ọ́?

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ṣì ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ilé bàbá wọn. Gbólóhùn yẹn ti kú. Ní 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer, Supreme Court Amẹ́ríkà ní kóòtù kankan ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, Fair Housing Act ti 1968 sì ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Láti 2021, Texas ti ṣe òfin tó jẹ́ kí onílé lọ sí kóòtù kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ má dúró de ìbò ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ọ́.

A ti rí ìbò 140, aládùúgbò kan sì ń sọ pé òun ò mọ òfin tuntun kankan.

Ẹ bi ìgbìmọ̀ yín bóyá wọ́n ti fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì county clerk, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ county. Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò lágbára, ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín sì tọ̀nà. Bí àdúgbò yín bá bọ́ sí county méjì, bíi Harris àti Fort Bend, méjèèjì lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, tó ní nọ́ńbà fáìlì, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí gbogbo onílé.