Bí Abiyamọ Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ Abẹ Láìjá Ọmú Lẹ́nu Ọmọ

Wọ́n sábà máa ń sọ fún abiyamọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ pé kó fún wàrà ọmú rẹ̀ dànù fún odidi ọjọ́ kan. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, kò sídìí fún un. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunilóorun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 2020 sọ ọ́ gbangba: bí oorun bá ti dá lójú ìyá, kó fún ọmọ lọ́mú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni propofol, oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun, tó ń wọ inú wàrà, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò sì dí ìyá lọ́wọ́ rárá. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i nìkan, tàbí èyí tí mímí ń ni lára, ni kí ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nípa rẹ̀.

Ẹ tètè sọ fún dókítà oníṣẹ́ abẹ àti ẹni tí yóò kùn yín lóorun pé ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n lè fi yín ṣáájú láàárọ̀. Ẹ bi wọ́n pàtó ìgbà tí ẹ óò dẹ́kun oúnjẹ àti omi: wákàtí 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń jẹ́ fún oúnjẹ, 2 fún omi lásán. Ó máa ń rẹ ìyá tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti òru púpọ̀. Ẹ fún ọmọ lọ́mú gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé yín wọ tíátà.

Ẹ ti máa fún wàrà pa mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò sókè, ìka ìfábẹ̀lá sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí orí ọmú. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún un, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má fa orí ọmú: ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàrà wà, fífà yóò kàn dá egbò sí i ni. Nínú fíríìjì tí iná kì í lọ, ó lè wà títí ọjọ́ 4. Níta, wákàtí 4 péré, bí yàrá bá tutù. Nínú ooru wa, inú kúlà oníyìnyín ló yẹ kó wà. Ife kékeré ni kí wọ́n fi fún ọmọ mu. Ẹ ti fi í kọ́ ọ nílé, nítorí àwọn ọmọ kan máa ń kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí iṣẹ́ abẹ bá gùn, ọmú yóò wú, yóò le. Bí kò bá sí ẹni tó fún un, ó lè di ìwúlé tó ń mú ibà wá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú pé kó bá yín fún un bí ẹ kò bá tíì jí.

Bí ojú abẹ bá wà níkùn, ẹ gbé ọmọ sábẹ́ abíyá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn yín lórí ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ojú abẹ. Kí ẹnìkan jókòó tì yín. Níwọ̀n ìgbà tí oorun bá ṣì ń kùn yín, ẹ má sùn pẹ̀lú ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Èyí kò gba àfojúfò.

Ẹ má fi ara da ìrora torí ọmọ, nítorí ìrora gan-an máa ń dí wàrà lọ́wọ́ láti sọ̀. Paracetamol, ibuprofen àti diclofenac dára. Ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ codeine, kí ẹ sì bi dókítà bóyá òmíràn wà dípò tramadol àti pethidine. Bí ọmọ bá ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò jí mu ọmú, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀ọ̀ tàbí tó ń mí díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.