Ẹgbẹ́ yín fẹ́ lọ bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀? Ẹ wo ti rẹ́jísítà lọ́bì yìí ná

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní Maryland, níbi yòówù tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí físà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà kó jìnnìjìnnì bá yín. Ẹni tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún kì í ṣe lobbyist, ìyẹn ẹni tó ń gbowó lọ bá aṣòfin sọ̀rọ̀, lójú òfin. Ẹ wọ agbádá yín, ẹ kó ara yín lọ sí Washington, ẹ rí sẹ́nétọ̀ yín, ẹ padà sílé, kò sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ.

Ìgbà tówó bá wọ̀ ọ́ lọ̀rọ̀ tó yí padà. Ẹ gbà pé sẹ́kírẹ́tírì tẹ́ ẹ ń san owó oṣù fún ló ń bá yín ṣe é. Òfin lọ́bì ti 1995 ní tó bá ti kàn sí àwọn aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí iṣẹ́ lọ́bì sì gba ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, lobbyist ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 13, 520 nìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ jẹ́ 104. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn o, torí kì í ṣe ọjọ́ tó lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn nìkan ni wọ́n ń kà, ìwé tó kọ, ìwádìí tó ṣe sílẹ̀ de ìpàdé yẹn, gbogbo ẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ọmọ kékeré tó ń bá aṣòfin ṣiṣẹ́ náà, tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ lórí àbádòfin, ó kà, ẹ má wò ó pé kì í ṣe ọ̀gá.

Owó tẹ́gbẹ́ ń ná sí i náà gbọ́dọ̀ ti ju $16,000 lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì lẹ gbé e fún, tí wọ́n bá ti gbà ju $3,500 lọ lọ́wọ́ yín, àwọn ló máa rẹ́jísítà, kì í ṣe ẹ̀yin.

Tó bá ti dé bẹ̀, ọjọ́ 45 lẹ ní láti rẹ́jísítà. LD-1, fọ́ọ̀mù ìrẹ́jísítà, lẹ máa kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbowó. Lẹ́yìn ìyẹn LD-2, fọ́ọ̀mù ìròyìn iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, gbèdéke ẹ̀ ni ogúnjọ́ oṣù kẹrin, keje, kẹwàá àti oṣù kìn-ín-ní. Àpótí kan wà ńbẹ̀ tó ń bèèrè kóòdù, IMM ni ti ọ̀rọ̀ físà àti ìwé ìgbélùú, nísàlẹ̀ ẹ̀ lẹ máa kọ nọ́ńbà àbádòfin sí, ẹ má kàn kọ "ọ̀rọ̀ físà" kẹ́ ẹ lọ sùn. LD-203 ni ti owó tẹ́ ẹ bá dá fún olóṣèlú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lobbyist á kọ tiẹ̀, ẹgbẹ́ náà á kọ tiwọn. Ẹ má fojú di í, fáìnì ẹ̀ lè dé $200,000.

Òfin yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ sọ ẹgbẹ́ ìlú di ìjọ. Tó bá sì jẹ́ gómìnà kan nílé ló fowó ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ bá òun sọ̀rọ̀, ẹ dúró, ẹ wá lọ́yà, FARA ti 1938 nìyẹn, òfin lórí ẹni tó ń ṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, Justice Department ló ń mójú tó o, ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún yín láti rẹ́jísítà.

Tíṣẹ́ bá parí, ẹ máàkì ibi tó ní termination lórí LD-2 tó kẹ́yìn, torí tẹ́ ẹ bá kàn dákẹ́, wọ́n á ṣì máa retí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, bẹ́ ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan.