Bí mo ṣe rí checkmate tí ọba dúdú ò lè yẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ to bọ́ọ̀dù chess fún yín, ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù nílé kó gbé e jáde. Lẹ́tà a dé h ni òpó, nọ́ńbà 1 dé 8 ni ìlà, ẹ̀gbẹ́ funfun ni ìlà 1 wà. Funfun: ọba wà ní g1, kúìn ní c4, ẹṣin ní g5, pónù mẹ́ta ní f2, g2 àti h2. Dúdú: ọba há sí kọ̀rọ̀ ní h8, kúìn ní b2, káàsù (rook) ní e8, pónù ní a7, g7 àti h7. Funfun ló kàn, wọ́n ní kó pa ọba dúdú láì fún un láyè kankan, ìyẹn ni checkmate.

Irú puzzle (àdììtú chess) báyìí ni mo fi ń sinmi lálẹ́ nílé wa ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Orí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2010, ọ̀fẹ́ náà ló ṣì wà dòní, gémù tí àwọn èèyàn ta lóòótọ́ ni wọ́n sì ti ń yọ àwọn puzzle ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. L'Ékòó níbí chess ti wọ ìgboro gan-an, látìgbà tí Tunde Onakoya, atachess ọmọ Nàìjíríà, ti dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018 tó ń kọ́ àwọn ọmọ Mákòókò tí kò jìnnà sí wa, tó tún wá lọ ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York ní 2024, àwọn ọmọdé àdúgbò ò fi wá lọ́rùn sílẹ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ àwọn ará ilé wa kan ló jókòó tì mí lọ́jọ́ yìí, ó ní òun fẹ́ máa wò.

Kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo kọ́kọ́ wo ohun tí dúdú fẹ́ fi mí ṣe. Ẹ wo káàsù e8 yẹn dáadáa. Ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, tó bá balẹ̀ sí e1 ọba mi ò níbi tó máa sá sí torí pónù mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dí i níwájú, kúìn mi tó wà ní c4 nìkan ló lè sáré wá dí i ní f1. Torí náà tí mo bá fi kúìn náà lọ sí f7, tó dùn wò lóòótọ́ torí ó ń lé káàsù, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́ kó fi pa ọba, káàsù á kàn sọ̀kalẹ̀ sí e1, ó parí, èmi ni wọ́n pa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sáyè fún move jẹ́jẹ́ kankan níbí o. Gbogbo ohun tí mo bá gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn kó máa dojú kọ ọba tààrà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí dúdú má ráyè mí.

Mo wá ka ṣẹ́ẹ̀kì tó wà nílẹ̀, méjì péré ni: kúìn sí g8, tàbí ẹṣin sí f7.

Mo kọ́kọ́ wo kúìn g8. Tí káàsù bá fi jẹ ẹ́, ẹṣin á bọ́ sí f7, ọba kú. Àmọ́ kí ló dé tí káàsù fi máa jẹ ẹ́ nígbà tí ọba fúnra ẹ̀ lè jẹ ẹ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ g8 fún mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbàgbé move yẹn síbí, èmi ò gbàgbé ẹ̀, mo bi ara mi pé kí ló kù tó fi máa ṣiṣẹ́? Ó kù kí nǹkan kan máa ṣọ́ g8 kí ọba má lè fọwọ́ kàn án. Ta ló lè ṣọ́ ọ? Ẹṣin, tó bá wà ní h6. Báwo ni ẹṣin ṣe máa dé h6 tí dúdú ò fi ní ráyè sọ káàsù sí e1? Àfi kó gba f7 kọjá, kó máa fúnni ní ṣẹ́ẹ̀kì lọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, ẹ̀yìn ni mo ti rìn wá síwájú.

Ó yá. Ẹṣin sí f7, ṣẹ́ẹ̀kì. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́, ọba ò sì níbòmíì ju g8 lọ. Ẹṣin sí h6. Bó ṣe kúrò ní f7 ni ojú ọ̀nà kúìn là láti c4 títí dé g8, ẹṣin náà sì ń ṣẹ́ẹ̀kì látibi tó wà, ṣẹ́ẹ̀kì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ yẹn sáré nawọ́ sí pónù g7, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, pónù á jẹ ẹṣin yẹn kẹ̀!" Mo ní kó jẹ ẹ́ ká wò, kúìn ṣì ń wo ọba lójú. Tí ṣẹ́ẹ̀kì bá ti di méjì, ọba nìkan ló lè gbéra, ẹ fi èyí sọ́kàn torí ó máa ń dín iṣẹ́ kù gan-an.

Ọ̀nà méjì ló kù fún ọba. Tó bá gba f8, kúìn á wọ f7, ẹṣin h6 ń ṣọ́ ọ, káàsù tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ló dí e8, kúìn ń wo e7 àti g8, ó tán. Tó bá padà sí h8, àsìkò kúìn g8 wá tó. Ọmọ náà pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ kí wọ́n jẹ kúìn yín ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọba ò lè jẹ ẹ́ mọ́ nítorí ẹṣin, káàsù ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, bó ṣe jẹ ẹ́ báyìí ó ti dí ilẹ̀kùn tó kù fún ọba rẹ̀. Ẹṣin padà sí f7. Checkmate. Káàsù ní g8, pónù ní g7, pónù ní h7, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Àrà yìí ti pẹ́ láyé, ó ti wà nínú ìwé chess tí Lucena ará Sípéènì kọ láti 1497, Philidor's legacy ni àwọn òyìnbó ń pè é. Síbẹ̀ inú mi dùn débi pé mo tún un tò kí ọmọ náà fọwọ́ ara ẹ̀ ta á. Lẹ́yìn náà mo sún pónù h7 dúdú sí h6, mo ní kó tún un ṣe. Ó gbé ẹṣin sí f7, ó dúró, ó wojú bọ́ọ̀dù títí, ó ní, "Kò ṣeé ṣe mọ́, ọba á gba h7 jáde."