Bí mo ṣe ń ṣírò ohun tí etí máa gbọ́ nínú ariwo

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi nìyí: bí ọ̀rọ̀ èdè Japan bá bọ́ sínú ariwo, mélòó ni ẹni tó ń sọ èdè náà láti kékeré máa rí gbọ́? Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ kí etí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. STOI ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìṣirò tí Cees Taal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010. Ó máa ń gba ohùn tó mọ́ àti ohùn tí ariwo ti bà jẹ́, á sẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 15, láti orí ohùn ìsàlẹ̀ dé ti òkè, á wá máa fi wọ́n wéra ní gígé-gígé mìlísẹ́kọ́ǹdù 384. Bí wọ́n bá ṣe jọ ń lọ sókè sódò tó ni máàkì wọn ṣe ń sún mọ́ 1.

Ọ̀rọ̀ inú FW03, àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Japan tí wọ́n fi ń dán ìgbọ́ràn wò, ni mo lò. Mora mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n; mora ni ègé ohùn kékeré tí wọ́n fi ń ka gígùn ọ̀rọ̀ ní èdè Japan. Ẹ wo tomodachi, ìyẹn ọ̀rẹ́: to, mo, da, chi. Wọ́n tún pín wọn sí ipele mẹ́rin, bó ṣe mọ́ àwọn ará Japan lára tó.

Máàkì àkọ́kọ́ kò ní láárí rárá, àní níbi tí ariwo kò ti pọ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé àwòrán ohùn méjèèjì lé ara wọn ni mo rí i: mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú ohùn aláriwo, kí olùgbọ́ lè múra sílẹ̀. Èèyàn kò ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n STOI ń fi "to" wé òfìfo. Mo gé e kúrò, ó bọ́ sípò.

Nígbà tó kan ìdáhùn àwọn olùgbọ́, ẹnìkan tẹ 友達, ìyẹn tomodachi ní kanji, kọ̀ǹpútà sì fún un ní òdo torí pé ともだち ni mo kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ní hiragana, lẹ́tà tó ń kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe dún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa! Mo dá gbogbo ìdáhùn padà sí hiragana, mo tún wọn kà.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tó tẹ̀ bíi S ni mo fẹ́ fi so máàkì STOI mọ́ iye tí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo wọn. Máàkì kan náà, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn sì pòórá. STOI kì í béèrè bóyá o mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo dàgbà kí n tó kọ́ èdè yìí mọ ìyàtọ̀ náà lára. Mo wá fún ipele kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, mo sì dán an wò lórí àwọn olùgbọ́ tí n kò lo ìdáhùn wọn tẹ́lẹ̀. Ó sún mọ́ òótọ́ gan-an, àfi níbi tí ariwo náà ti jẹ́ ohùn èèyàn mìíràn tó ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ń bá a fà báyìí.