Fíìmù Àròkọ: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Àròkọ ni irú fíìmù yìí, kì í ṣe ìròyìn. Èrò lẹ fẹ́ rò lójú èèyàn, àwòrán àti ohùn lẹ ó sì fi rò ó. Ó ń dunni bí àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀yọ́ ṣe ń náwó sórí ohun tí kò gbé èrò kankan jáde.

1. Ẹ má yá drone, kámẹ́rà tó ń fò lókè, kí ẹ tó ní ìbéèrè. Bí ẹ kò bá lè kọ ìbéèrè náà ní gbólóhùn kan, iṣẹ́ kò tíì yá.

2. Ẹ má sọ ohun tí ojú ti rí. Afíngbá jókòó, ọ̀bẹ ń ha ara igbá, èérún ń bọ́ sí i lórí itan, ẹ tún wá ń sọ pé, "Baba yìí ń fín igbá." Ta ló kọ́ ọ? Ta ló ṣì ń ra igbá náà? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ sọ. Ní 1957, Chris Marker, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣe fíìmù, gbé àwòrán ìgboro ìlú Yakutsk kan náà jáde léraléra nínú fíìmù rẹ̀ nípa Siberia ní Rọ́ṣíà. Ọ̀rọ̀ kan yin ìlú náà, èkejì bẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ̀kẹta kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwòrán kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ló yí i.

3. Èyí ló burú jù: dùndún lábẹ́ ohùn asọ̀rọ̀. Ìyáàlù kì í ṣe orin lásán. Ọwọ́ onílù ń fún ọṣán, ohùn ìlù ń lọ sókè sódò bíi ti ẹnu, ọ̀rọ̀ ló sì ń sọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ yẹn. Ẹni tó gbọ́ ìlù á máa tẹ̀ lé oríkì, tiyín á sì kọjá lẹ́bàá etí rẹ̀. Ẹ dín in kù títí, ìró rẹ̀ á ṣì máa fa etí. Nígbà míì, oríkì ìdílé ẹlòmíì pàápàá ni! Ẹ bi onílù léèrè ohun tó fi ìlù sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó máa to àwòrán pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ fún un, kó sọ tirẹ̀ tán. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan lábẹ́ ohùn, ìró ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbà: ìṣẹ́jú kan gbáko, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Ẹ fi àmì ohùn sí ìwé tí asọ̀rọ̀ yóò kà, kó má baà pe ọkọ̀ ní ọkọ́.

Kámẹ́rà tí kì í dúró náà ń kọ́? Ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan, kí ẹ ka ení, èjì dé 15 kí ẹ tó pa á.

Yàrá tó kún fún aṣọ ni kí ẹ ti gba ohùn, kì í ṣe èyí tó ní táìsì. Ẹ pa fáànù, kí máìkì jìnnà sí ẹnu ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Fún fíìmù ìṣẹ́jú 10, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 4 ti tó. Ẹ kà á sókè níwájú àwòrán. Ìlà tí àwòrán bá ti sọ, ẹ pa á rẹ́.